Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Okòwò Àgbáyé Kọjá Ẹnubodè Kó Tó Gba Digirì

Ní Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kì í ṣe ohun ìyanu kí ìyá àgbà tí kò ka ìwé púpọ̀ máa fi Faransé ná ọjà. Abidjan ló ti kọ́ ọ. Láti ìran dé ìran ni àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire, bí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ṣe ní Gánà títí di oṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn oníṣòwò wọ̀nyí mọ ẹni tí a lè ta àwìn fún, wọ́n sì mọ ìgbà tí ọjà yóò wọ́n àti ìgbà tí yóò pọ̀. Ìwé àṣẹ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ní Gánà kò ní, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ṣọ́ọ̀bù àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀, tí wọ́n sá wálé.

Ní fásitì òde òní, ìṣòro náà ti yí ojú padà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ka èrò David Ricardo lórí ìdí tí orílẹ̀-èdè fi ń bára wọn ṣòwò láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, kó sì gba máàkì tó jọjú. Bí ilé-iṣẹ́ tó ń kó kòkó ránṣẹ́ sókè òkun bá wá gbé ìwé ẹrù kan síwájú rẹ̀, kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí èyí dópin. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba digirì okòwò àgbáyé mọ́ láìjẹ́ pé ó ti lo oṣù mẹ́ta ní ọjà orílẹ̀-èdè mìíràn, pé ó gbọ́ èdè ibẹ̀ débi tó lè fi ná ọjà, àti pé ó lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo ìwé tó ń tẹ̀lé ẹrù.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹrù yìí kì í ṣe kékeré. Bí oníṣòwò kan ní Ìbàdàn bá ta kajú fún oníbàárà ní Vietnam, tí báńkì sì dúró láàárín wọn pẹ̀lú lẹ́tà kírẹ́díìtì, ìyẹn ìlérí báńkì láti sanwó bí ìwé ẹrù bá pé, báńkì kò ní tú àpò kajú kankan wò. UCP 600, ìlànà tí àwọn báńkì àgbáyé ń tẹ̀lé láti ọdún 2007, sọ ọ́ gbangba pé ìwé ni báńkì ń bá lò, kì í ṣe ẹrù. Bí ọjọ́ tí ẹrù wọ ọkọ̀ bá fi ẹyọ ọjọ́ kan kọjá èyí tó wà nínú àdéhùn, báńkì lè kọ̀ láti sanwó, bí kajú náà tilẹ̀ dára jù lọ lágbàáyé.

CIF, ọ̀kan lára ọ̀nà tí a ń gbà ṣe àdéhùn ìtajà sókè òkun, náà ńkọ́? Ó wà lára ìlànà 11 tó para pọ̀ di Incoterms 2020, ìlànà àdéhùn ìṣòwò àgbáyé. Lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó tajà ló ń san owó ọkọ̀ àti owó adójútòfò títí dé èbúté oníbàárà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí ẹrù bá rì sínú òkun, ẹni tó tajà náà ni àdánù bá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gbàrà tí ẹrù bá ti wọnú ọkọ̀ ní èbúté Apápá ni ewu rẹ̀ ti bọ́ sọ́rùn ẹni tó rà á. Ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀, fọ́ọ̀mù NXP, tí a fi ń forúkọ ẹrù tó ń lọ sókè òkun sílẹ̀, gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ báńkì kọjá kí ẹrù tó kúrò nílẹ̀, owó ọjà tí kì í ṣe epo rọ̀bì sì gbọ́dọ̀ wọlé padà láàárín ọjọ́ 180. Ẹni tí kò mọ nǹkan wọ̀nyí lè fi ẹrù kan ṣoṣo pàdánù èrè ọdún kan.

Òfin orílẹ̀-èdè tó ń rajà náà tún wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí pé dichlorvos, òògùn apakòkòrò, pọ̀ nínú rẹ̀ ju ohun tí òfin wọn gbà lọ. Ọdún 2023 ni àjọ kan náà ṣe òfin mìíràn pé kòkó tó bá máa wọ Yúróòpù gbọ́dọ̀ ní àmì tó ń tọ́ka sí oko tó ti wá gan-an, kó lè hàn pé wọn kò pa igbó run lẹ́yìn ọdún 2020 láti gbìn ín. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síwájú, ṣùgbọ́n wọn kò fagi lé e. Ẹnìkan ní láti lọ bá àgbẹ̀ ní oko Oǹdó, kó fi ẹ̀rọ wọn ààlà oko rẹ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́nà tí oníbàárà ní Amsterdam yóò gbà. Iṣẹ́ gidi nìyẹn fún ọmọ tó bá jáde ní fásitì, bí wọ́n bá kọ́ ọ.

Ti èdè ló wá dunni jù. Ní 1996 ni ìjọba ológun Sani Abacha kéde pé Faransé yóò di èdè ìjọba kejì ní Nàìjíríà. Ìkéde náà kò rìn jìnnà. Àbúlé Èdè Faransé ti wà ní Àgbádárìgì láti 1991, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé láti oríṣiríṣi fásitì ti ń gbé, tí wọ́n ń sọ èdè náà. Akẹ́kọ̀ọ́ okòwò, tó yẹ kó nílò rẹ̀ jù, ni a kì í sábà rí níbẹ̀. Àwọn tó ń sọ Faransé ní àyíká wa, Benin, Tógò àti Côte d'Ivoire, ń ná owó kan náà, sẹ́fà, tí iye rẹ̀ so mọ́ owó yúrò, nígbà tí náírà ń lọ sókè sódò. Àdéhùn ìṣòwò ọ̀fẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà, AfCFTA, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Accra, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2021. Síbẹ̀, ọjà kan kò lè jẹ àǹfààní ẹ̀dínwó owó bodè láìsí ìwé-ẹ̀rí pé Áfíríkà ni wọ́n ti ṣe é. Ẹni tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ló ń sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun.

Ọ̀nà àbáyọ kò jìnnà. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn fásitì Nàìjíríà, gbé jáde, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni àjọ náà là sílẹ̀. Ìdá 30 tó kù wà lọ́wọ́ fásitì kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n fi ìdá 30 yìí kọ́ni ní Faransé fún ọdún méjì. Kí wọ́n pe ejẹ́ǹtì tó ti pẹ́ ní èbúté àti òṣìṣẹ́ báńkì tó ti fẹ̀yìn tì wá sí kíláàsì, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì ṣe ìwé ẹrù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin gẹ́gẹ́ bí ìdánwò. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n rán an lọ sí Kútọnu, Lomé tàbí Abidjan, lábẹ́ ojú àwọn oníṣòwò ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún un láyè láti dúró fún ọjọ́ 90 láìgba físà.

Àwọn kan yóò ní fásitì kì í ṣe ilé ìkọ́ṣẹ́, pé èrò jíjinlẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni pé kí èèyàn mọ ìdí ohun tó ń ṣe dára. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í di dókítà láìtọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn bíi UCH ní Ìbàdàn, kò sì sí ẹni tó sọ pé èyí rẹ ìmọ̀ ìṣègùn sílẹ̀. Àwọn mìíràn yóò sọ pé owó kò sí. Èkó sí Kútọnu kò jìn tó Èkó sí Ìlọrin. Wọ́n á tún ní ìjọba lè ti bodè, bó ṣe tì í láti oṣù Kẹjọ 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè tì í. Oníṣòwò tó ti kọ́ bí a ṣe ń múra sílẹ̀ de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ń wá.

Ìpinnu yìí kò nílò òfin tuntun láti Àbújá, kò sì nílò kí gbogbo fásitì fẹnu kò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdá 30 náà ti wà lọ́wọ́ wọn. Kí Sẹ́nétì fásitì kan jókòó, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ sì gbéra ní sáà tó ń bọ̀.