Bí Àgbà Bá Ṣubú

Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wá ẹni tí yóò gbé e dìde. Àgbà ń wá ohun tó gbé e ṣubú.

Ọ̀yọ́-Ilé, olú ìlú ìjọba Ọ̀yọ́ àtijọ́, tú ní nǹkan bí ọdún 1836. Aláàfin Àtìbà kó àwọn tó kù jọ sí Àgọ́-Ọ̀jà, ó sì sọ ibẹ̀ di Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí. Àwọn mìíràn forí lé Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí ogun kò rí fọ́, wọ́n sì sọ ọ́ di ìlú ńlá. Àtìbà gbọ́n. Ó tún oyè Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè ọba, tò, ó mọ̀ pé ọba tí kò ní ẹlẹ́ṣin mọ́ gbọ́dọ̀ pín iyì fún àwọn jagunjagun, ó fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó fi Kúrunmí ti Ìjàyè jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí ogun.

Ṣùgbọ́n kí ló gbé Ọ̀yọ́ ṣubú? Fúlàní ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dá ọ lóhùn. Òótọ́ ni, àmọ́ kò pé. Kí Fúlàní tó dé, Baṣọ̀run Gáà ti ń pa ọba lẹ́yìn ọba, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Lẹ́yìn náà ni Àfọ̀njá, Kakaǹfò tó wà ní Ìlọrin, dìtẹ̀ mọ́ Aláàfin Awólẹ̀ títí ọba fi gbẹ̀mí ara rẹ̀. Àfọ̀njá ló pe Àlímì, àlùfáà Fúlàní, wá ràn án lọ́wọ́. Àwọn tó pè náà ló sì pa á.

Ìlú Ọ̀yọ́ gan-an ni àlùfáà Samuel Johnson jókòó sí, tó ń bi àwọn arọ́kin ààfin léèrè ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní Ìlú Ọba, ó sì kú ní 1901. Ọbadáyà àbúrò rẹ̀ ló ṣa àkọsílẹ̀ tó kù jọ, tó tún un kọ, tí ó fi jáde ní 1921. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ Samuel ni pé kò bo ìtìjú mọ́lẹ̀. Ó kọ ògo Abíọ́dún, ó kọ ìwà Gáà náà.

Ìran tó tẹ̀ lé e kò wo ẹ̀yìn tó. Ní 1962 àwọn olóṣèlú Ìwọ̀ Oòrùn méjì, Awólọ́wọ̀ àti Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, dá ìjà tí kò parí. Ní 1964 Akíntọ́lá gba oyè Kakaǹfò, oyè tí Àfọ̀njá jẹ, tí Tóyèjẹ ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ìwọ̀ Oòrùn gbaná, àwọn sójà sì pa Akíntọ́lá ní January 1966.

Àwọn mìíràn ti ṣubú bíi tiwa. Ní 1981 ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ní Ṣáínà kọ ọ́ sílẹ̀ pé àṣìṣe ńlá ni rúkèrúdò tí Mao Zedong dá sílẹ̀ láti 1966 sí 1976. Ní 1986 àwọn tó ń ṣèjọba Fiẹtnámù gbà pé ọwọ́ àwọn fúnra àwọn ló ba ọrọ̀ ajé jẹ́, wọ́n sì dá ilẹ̀ oko padà sí ọwọ́ ìdílé lẹ́yìn náà. Ní 1989 ìlú tó ń ra ìrẹsì jẹ ti ń tà á fún ayé. Ọ̀pọ̀ òtítọ́ ṣì wà tí ìjọba méjèèjì kò jẹ́ kí ará ìlú sọ. Síbẹ̀, wọ́n wo ibi ẹsẹ̀ ti kọ.

Láti April 2022 tí Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta ti wàjà títí di January 2025, ìtẹ́ Ọ̀yọ́ ṣófo. Afọbajẹ àti ìjọba ìpínlẹ̀ kò fẹnu kò, ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Ti oyè Ṣọ̀ún, ọba Ògbómọ̀ṣọ́, náà dé kóòtù. Ó dùn mí, nítorí ìjà àwọn olóyè la fi pàdánù Ọ̀yọ́-Ilé.

Ahoro ìlú náà wà nínú Ọgbà Ọ̀yọ́-Ilé tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀. Àpáàdì ìkòkò ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, ojú ọlọ tí àwọn ìyá wa fi lọ nǹkan ṣì hàn lára àpáta. Olùkọ́ tó bá kó ọmọ ilé ìwé lọ síbẹ̀, mo bẹ̀ ọ́, má fi mọ sórí ẹṣin Fúlàní. Sọ ti Gáà fún wọn. Sọ ti Àfọ̀njá, kí o sì jẹ́ kí wọ́n bi ọ́ pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò bá a parí ìjà.