Obìnrin Tó Di Olórí Ìlú Túnísì



Ní oṣù Keje ọdún 2018, ìgbìmọ̀ ìlú Túnísì, olú-ìlú ilẹ̀ Tùnísíà, yan obìnrin kan, Souad Abderrahim, ṣe olórí ìlú. Apoògùn òyìnbó ni. Ìbò 26 ló ní, ọkùnrin tó bá a dupò ní 22. Láti ọdún 1858 tí wọ́n ti dá ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, obìnrin kankan kò gun àga yẹn rí.

Kí wọ́n tó dìbò, ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ tó ń bá a díje ní obìnrin kò lè ṣe é, nítorí pé olórí ìlú a máa bá Ààrẹ lọ sí mọ́sálásí lóru ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Ààwẹ̀. Ẹ wá wo nǹkan! Ẹgbẹ́ tí kì í fi ẹ̀sìn ṣe òṣèlú ló sọ ọ́. Ennahda, ẹgbẹ́ tí a mọ̀ mọ́ ẹ̀sìn, ló fa obìnrin náà kalẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín. Ilé-kéú ni mo ti jáde, inú mi kò kọ́kọ́ dùn sí i. Hádíìsì tó dá lórí ọmọbìnrin ọba Pẹ́ṣíà ló sọ sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n mo tún ìwé ṣí. Ọ̀rọ̀ ìtẹ́ ọba ni ti Pẹ́ṣíà. Nínú Súrátù Naml ẹ̀wẹ̀, oòrùn tí ọbabìnrin Sábà ń bọ ni a bá a wí sí, kì í ṣe oyè tó jẹ.

Kí ni iṣẹ́ olórí ìlú? Kí wọ́n kó ilẹ̀, kí omi rí ọ̀nà ṣàn, kí ọjà wà létò. Èwo ló ń fẹ́ irùngbọ̀n níbẹ̀? Ẹnikẹ́ni kò sọ pé kí ó ṣe lémọ́mù.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Kais Saied tú gbogbo ìgbìmọ̀ ìlú ká, ọkùnrin àti obìnrin inú wọn lọ sílé. Ẹni tí iṣẹ́ obìnrin yìí kò bá tẹ́ lọ́rùn, iṣẹ́ náà ni kí ó gbé yẹ̀ wò.

Ẹ̀yin àáfà ẹgbẹ́ mi, bí ọmọbìnrin wa bá fẹ́ sin ìlú, tí ó sì mọ iṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí a fi àṣà dí i lọ́nà, kí a wá ní Ọlọ́run ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ìyẹn ló ń bà mí jù.