Ilẹ̀kùn Ni Ilé Ẹjọ́ Wò, Kò Wo Ẹjọ́

Ní ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún, ọdún 2022, ẹgbẹ́ APC dìbò abẹ́lé fún ipò sẹ́nétọ̀ ní Àríwá Yobe. Ahmad Lawan, tó jẹ́ sẹ́nétọ̀ ẹkùn náà, kò sí níbẹ̀. Ipò Ààrẹ ni ojú rẹ̀ wà. Bashir Machina ló wọlé, kò sì sẹ́ni tó bá a du ú. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Damaturu gbà bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà gbà bẹ́ẹ̀. Àfi ìgbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ 6 oṣù Kejì, ọdún 2023, tí adájọ́ mẹ́ta borí méjì nílé ẹjọ́ tó ga jùlọ, tí wọ́n ní Lawan ni olùdíje.

Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ Machina? Ìwé tó fi pẹjọ́ ni. Adájọ́ Centus Nweze, tó ka ìdájọ́ àwọn mẹ́ta náà, ní ọkùnrin náà fẹ̀sùn jìbìtì kan ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì yẹ kó gba ọ̀nà originating summons, níbi tó jẹ́ pé ìwé ìbúra nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní writ of summons ló yẹ kó mú wá, kí wọ́n lè pe ẹlẹ́rìí.

Ẹlẹ́rìí kí ni? Ta ló kù tí kò mọ̀ pé Lawan kò dé ibi ìdìbò náà? Adájọ́ Emmanuel Agim, tí òun àti Adájọ́ Adamu Jauro kọ̀ láti bá wọn lọ, là á mọ́lẹ̀: Lawan fúnra rẹ̀ ló yọwọ́ kó lè lọ du ipò Ààrẹ ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà. Ní ti ìdìbò abẹ́lé kejì tí wọ́n ní àwọn ṣe ní ọjọ́ 9, Agim ní APC kò fagi lé ti àkọ́kọ́ kí wọ́n tó ṣe é, ó sì lòdì sófin ìdìbò.

Ibi tó dùn wá jù nìyí. Abala 285 ìwé òfin ilẹ̀ wa fún ẹni tó bá ní irú ẹjọ́ yìí ní ọjọ́ 14 péré láti pè é, ó sì fún adájọ́ àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 180 láti dá a. Nítorí náà ni àwọn lọ́yà fi ń sáré gba ọ̀nà tó yá. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ ní ẹ̀yìnkùlé ni Machina gbà wọlé, iwájú ilé ló yẹ kó gbà. Iwájú ilé wo? Láti ọdún 2022 ni ọjọ́ 14 náà ti pé, tí ilẹ̀kùn ti tì. Ẹni tí wọ́n gbé ewúrẹ́ rẹ̀ lọ wá ké dé ààfin, fìlà orí rẹ̀ ni wọ́n ń bá wí. Ewúrẹ́ ńkọ́?

Ní ọjọ́ ìdájọ́ yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì pé tí ilé ẹjọ́ yìí kan náà ti dá Godswill Akpabio láre, ẹlòmíràn tóun náà lọ du ipò Ààrẹ kó tó padà wá gba tikẹ́ẹ̀tì sẹ́nétọ̀.

A gbà pé ìlànà ní iṣẹ́ tirẹ̀, a sì mọ̀ pé kò yẹ kí ìwé ìbúra lásán sọ ẹnikẹ́ni di oníjìbìtì. Kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kọ ọ́ sínú òfin pé ẹjọ́ tó bá gba ọ̀nà tí kò yẹ wọlé, kí adájọ́ àkọ́kọ́ darí rẹ̀ síbi tó yẹ, kó má dà á nù.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì, ọdún 2023, àwọn ará Àríwá Yobe tò sórí ìlà láti dìbò. Ẹni tí ẹgbẹ́ APC fà kalẹ̀ fún wọn kò bá ẹnikẹ́ni díje ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún. Òtítọ́ nìyẹn, kò sì sí adájọ́ kan nínú àwọn mẹ́ta náà tó sọ pé irọ́ ni.