Àbàtà Tí Ọ̀tà Nílò

Nínú Rosewater, ìwé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì tí Tade Thompson kọ jáde ní 2016, ohun abàmì kan láti òde ayé yọ jáde ní Nàìjíríà, ó sì kọ́ òrùlé ràgàjì bo ara rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, òrùlé náà á ṣí, aláìsàn á sì rí ìwòsàn. Èrò rọ́ dé, wọ́n pàgọ́ yí i ká, ṣùgbọ́n kò sí gọ́tà, kò sí ṣáláńgá. Òórùn burúkú ibẹ̀ ló mú kí wọ́n fi Rosewater, orúkọ omi olóòórùn dídùn, sọ ìlú náà. Ìwé yìí ló gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019.

Ẹni tó bá mọ Ṣàngó-Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn ti mọ ìlú yẹn. Ilé iṣẹ́ irin, ike àti ọṣẹ ló pe èèyàn jọ síbẹ̀. Ọ̀nà tí omi ìdọ̀tí yóò gbà kò bá wọn dé. Odò Illo àti Atuwara ló ń rù ú.

Ní 2008, àwọn olùwádìí gbé àyẹ̀wò jáde lórí ohun tí omi ìdọ̀tí láti ilé ìpẹran ń ṣe sí odò Illo. Bí ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran bá wọ odò, àwọn kòkòrò àìfojúrí á bò ó, wọn á máa jẹ ẹ́, wọn á sì máa fa ọ́síjìn inú omi tán. Ẹja kì í lè mí níbẹ̀ mọ́.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èèyàn rí. Ní 1991, èèyàn mẹ́jọ wọ Biosphere 2 ní Arizona, ilé onígíláàsì tó ní oko, igbó àti òkun kékeré nínú. Láàárín oṣù 16, ọ́síjìn ibẹ̀ bọ́ láti 20.9 sí 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Kòkòrò inú ilẹ̀ ọlọ́ràá ló ń jẹ ẹ́. Àwọn tó kọ́ ilé náà ò ka kòkòrò wọ̀nyí mọ́ àwọn olùgbé dáadáa. Láti ìta ni wọ́n ti fa ọ́síjìn sí i.

Kòkòrò bẹ́ẹ̀ náà lè ṣiṣẹ́ fún Ọ̀tà. Kí a gbẹ́ àbàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, kí a kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kí a gbin eèsún, kí omi ìdọ̀tí máa rọra gba àárín rẹ̀ kọjá. Ìdọ̀tí á silẹ̀, kòkòrò ìdí gbòǹgbò á jẹ ìyókù kí omi tó dé odò. Májèlé irin kì í ṣe oúnjẹ wọn. Inú ilé iṣẹ́ ló ti yẹ kí wọ́n yọ ìyẹn, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó òfin àyíká, tí òfin 2007 dá sílẹ̀, sì gbọ́dọ̀ máa lọ wò ó.

Àbàtà àdáyébá náà wúlò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń takété bí ẹni pé kò bá odò tan, àwọn onílẹ̀ sì ń da yanrìn dí i láti fi tà. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn àti ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà fi ààlà sí èyí tó ṣẹ́kù lọ́dún yìí, kí òjò tó tún dé.