Kí ẹ tó fi nọ́ńbà sẹ́nétọ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp: ta ló yẹ kí ẹ kọ̀wé sí gan-an?

Bí àbádòfin kan bá ń dá awuyewuye sílẹ̀ l'Abuja, tàbí tí owó epo bẹntiróòlù bá tún gbẹ́nu sókè, kì í pẹ́ tí orúkọ àwọn aṣòfin àti nọ́ńbà fóònù wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí ká lórí WhatsApp, Facebook àti X. Ẹni tó fi í síta á rọ̀ yín pé kí ẹ pè wọ́n títí wọn ò fi ní lè sùn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gba irú rẹ̀ rí. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin náà ti fi ránṣẹ́ síwájú.

A ò sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwọn nọ́ńbà kan lè wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti aṣòfin lóòótọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà sọ ọjọ́ tí wọ́n kó orúkọ náà jọ, kì í sì í sọ ibi tí wọ́n ti rí i. Sẹ́nétọ̀ 109 àti ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin 360 ló wà l'Abuja, ọdún mẹ́rin mẹ́rin sì ni sáà wọn. Ìgbìmọ̀ aṣòfin kẹwàá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹfà, ọdún 2023. Bí wọ́n bá ti kó nọ́ńbà kan jọ ṣáájú ọjọ́ náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tí ìbò ti gbé kúrò nípò lẹ ń pè, tàbí kí ilé-iṣẹ́ fóònù ti fi nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn tí kò mọwọ́ kò mọ ẹsẹ̀. Ẹ yẹ orúkọ aṣòfin yín wò ní ojú òpó ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀, nass.gov.ng, kí ẹ tó gba ti WhatsApp gbọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn gbájúẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí inú ń bí máa ń tètè sọ ohun gbogbo. Bí ẹni tó gbé fóònù bá sọ pé òun ni olùrànlọ́wọ́ aṣòfin, tó wá ń béèrè NIN, BVN tàbí owó fọ́ọ̀mù kó lè fi orúkọ yín sí ìrànwọ́ kan, ẹ já ìpè náà. Kò sí aṣòfin tó nílò BVN yín kó tó gbọ́ ẹ̀sùn gọ́tà.

Ìlẹ̀kùn wo lẹ ń kàn?

Ká tiẹ̀ sọ pé gbogbo nọ́ńbà náà péye, ìbéèrè tó tóbi jù ṣì wà nílẹ̀. Ẹ wo àwọn nǹkan tí àwọn èèyàn máa ń tìtorí rẹ̀ dárúkọ Ààrẹ lórí X: gọ́tà tó dí, ààtàn tó ti kún bọ́ sójú títì, ọjà tí kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, iná òpópónà tó ti kú, ibùdókọ̀ tó di àbàtà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí òfin kà sí iṣẹ́ Ààrẹ, wọn kì í sì í ṣe iṣẹ́ sẹ́nétọ̀.

Àtẹ Kẹrin nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta gbangba wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gọ́tà, iná òpópónà, kíkó ìdọ̀tí, fífún òpópónà ní orúkọ àti kíkọ nọ́ńbà sára ilé, títí dé orí ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó. Ìjọba ìbílẹ̀ sì tún ní ipa tiẹ̀ pẹ̀lú ìpínlẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera. Bí nọ́ọ̀sì kò bá sí ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò yín, àtibẹ̀ ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ìwé òfin kọ́ ni gbogbo ìtàn náà o. Ní Èkó, LAWMA tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ ló ń bójú tó ìdọ̀tí, ní Kano, REMASAB ni. Títì náà kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo: títì ìjọba àpapọ̀ wà, FERMA ló sì ń tún un ṣe, ti ìpínlẹ̀ wà, èyí tó wọ àdúgbò ló sábà máa ń jẹ́ ti káńsù. Bí ẹ ò bá mọ ẹni tó ni títì, ẹ lọ béèrè ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde ní káńsù yín. Bí kì í bá ṣe tiwọn, wọ́n á yára sọ fún yín. Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ́ gba iṣẹ́ oníṣẹ́ mọ́ tirẹ̀.

Kí wá ni iṣẹ́ sẹ́nétọ̀? Ó ń ṣe òfin, ó ń dìbò lórí ètò ìṣúná, abala 88 ìwé òfin sì fún ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì l'Abuja lágbára láti ṣèwádìí bí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ṣe ń náwó. Kò ní katakata, kò sì ní ẹ́ńjínníà. Bí ẹ bá kọ̀wé sí i nípa àbádòfin tó wà níwájú ilé, tàbí nípa títì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n gbowó rẹ̀ tí wọn ò ṣe é, ẹ ti kan ìlẹ̀kùn tó tọ́. Ti òfin ìpínlẹ̀ jẹ́ ti ọmọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. 993 ni àga wọn káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, síbẹ̀ àwọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ orúkọ wọn rárá.

Ẹnì kan lè ní, "Káńsù tó jẹ́ pé gómìnà ló ń darí rẹ̀? Kí ni wọ́n fẹ́ rí ṣe?" Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgbìmọ̀ fìdíhẹẹ́ tí gómìnà yàn ló ń ṣàkóso ọ̀pọ̀ nínú ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé ó lòdì sí òfin kí gómìnà máa di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú, àti pé káńsù tí ará ìlú kò dìbò yàn kò bá òfin mu. Lẹ́yìn ìdájọ́ náà, àwọn ìpínlẹ̀ kan sáré ṣètò ìbò. Ọ̀rọ̀ bí owó yóò ṣe máa dé ọwọ́ káńsù tààrà kò parí lọ́jọ́ tí wọ́n ka ìdájọ́ náà. Ṣùgbọ́n alága tó bá sọ pé gómìnà ló ni gbogbo rẹ̀ ń sọ ohun tí ilé ẹjọ́ ti fagi lé, ẹ sì lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú lẹ́tà yín.

Àwọn tó ń gbé l'Abuja ni ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀. Wọn ò ní gómìnà, wọn ò ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Mínísítà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú sẹ́nétọ̀ kan, ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin méjì àti káńsù mẹ́fà: AMAC, Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti Abaji. Ẹni tó ń gbé ní Kuje kò ní ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kùn tó lè kàn, káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ̀ sì wà lára díẹ̀ tó ní.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kogi lẹ́ẹ̀mejì

Àwọn kan á ní kí la fẹ́ fi lẹ́tà ṣe, pé ká kúkú kó ìbuwọ́lù jọ lórí ayélujára, ká sì pe aṣòfin náà padà sílé. Òfin fàyè gba ìpèpadà lóòótọ́. Abala 69 ló wà fún àwọn aṣòfin àpapọ̀, abala 110 fún ti ìpínlẹ̀. Ohun tí òfin náà sì béèrè ni pé kí ó lé ní ìdajì gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní agbègbè náà fọwọ́ síwèé. Kì í ṣe ìdajì àwọn tó jáde dìbò. INEC á wá yẹ ìbuwọ́lù wọ̀nyẹn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà wọ́n á ṣètò ìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ìbuwọ́lù orí ojú òpó kò sí nínú rẹ̀.

Ní Kogi West, wọ́n gbé ìwé lọ sí INEC pé àwọn fẹ́ pe Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye padà. Orúkọ tó wà nínú ìwé náà lé ní 180,000. Nígbà tí INEC wá ṣe àyẹ̀wò lóṣù Kẹrin ọdún 2018, ìbuwọ́lù 18,742 péré ni wọ́n rí fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ìyẹn ìdá 5.34 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà parí sí.

Ọdún méje lẹ́yìn náà, ó tún kan Kogi Central. Ilé aṣòfin àgbà ti dá Sẹ́nétọ̀ Natasha Akpoti-Uduaghan dúró fún oṣù mẹ́fà lóṣù Kẹta ọdún 2025, kò sì pẹ́ tí ìwé ìpèpadà fi dé ọ̀dọ̀ INEC. Ẹni tó bá ń tẹ̀lé ayélujára lásìkò náà lè rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, bóyá fún un tàbí lòdì sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí INEC kọ́kọ́ sọ. Kó tó di pé wọ́n ka orúkọ rárá, wọ́n ní àwọn tó kọ̀wé kò fi àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì wọn síbẹ̀ bí ìlànà ṣe là á kalẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣe, INEC kà á, wọ́n sì kéde lọ́jọ́ 3, oṣù Kẹrin: ìbuwọ́lù 208,132 nínú olùdìbò 474,554, ìyẹn ìdá 43.86 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò tó ìdajì. Ìwé náà já sófo.

Bẹ́ ẹ fẹ́ràn sẹ́nétọ̀ méjèèjì tàbí ẹ kò fẹ́ràn wọn, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni pé àjọ náà kò ka iye ìgbà tí wọ́n pín ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Ẹni tó ní orúkọ, tó ní àdírẹ́sì, tí wọ́n lè rí nígbà tí wọ́n bá wá a, ni wọ́n kà. Lẹ́tà tí ẹ fẹ́ kọ sí káńsù nítorí gọ́tà kò yàtọ̀ sí èyí.

Bí lẹ́tà ṣe ń rìn

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ. Bí ẹ bá da gọ́tà, iná, ilé-ìwé àti owó epo pọ̀, ẹni tó gbà á kò ní mọ ẹ̀ka tó máa gbé e fún. Ẹ sọ òpópónà, wọ́ọ̀dù, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ẹ fi fọ́tò sí i. Orúkọ yín, àdírẹ́sì àti ìbuwọ́lù, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀. Lẹ́tà tí kò lórúkọ rọrùn láti sọ sínú dúróà.

Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ. Wọ́n á gba ọ̀kan ní ọ́fíìsì, ẹ ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí ìkejì, kí ẹ sì mú un padà sílé. Nínú gbogbo ohun tí a ń sọ yìí, òǹtẹ̀ yẹn ló ṣe pàtàkì jù lójú tiwa, nítorí pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ní òun ò gbọ́. Ìgbà yẹn ni ẹ lè gbé e sórí Facebook, kí ẹ dárúkọ alága. Ẹ kàn bo nọ́ńbà fóònù yín.

Fún ọ̀rọ̀ Abuja, ilé aṣòfin àgbà ní ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwé ẹ̀sùn ará ìlú, ilé aṣojú-ṣòfin náà ní tiwọn. Ọmọ ilé ló sábà máa ń gbé ìwé náà kalẹ̀ níwájú ilé, wọn kì í sì í gba ọ̀rọ̀ tó ti wà nílé ẹjọ́. Nítorí náà, ọ́fíìsì aṣòfin yín ní agbègbè ni kí ẹ gbé e lọ.

Ní ti àwọn iṣẹ́ àkànṣe agbègbè, kànga ẹ̀rọ tàbí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ orúkọ aṣòfin gàdàgbà sí, kì í ṣe aṣòfin ló yẹ kó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ san owó rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ló ń gbé iṣẹ́ náà fún kọngílá. Láti ọdún 2019 ni ICPC ti ń tọpinpin irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí kànga náà kò bá pọn omi, ẹ béèrè ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde, orúkọ kọngílá àti iye owó.

Ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè. Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí FOI, fún ilé-iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ méje láti dáhùn, ẹ kò sì ní láti sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ mọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń ní òfin náà kò kan àwọn. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹrin, ọdún 2025, nínú ẹjọ́ kan tó wá láti Edo, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé ó kan gbogbo wọn: ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ láìtọ́, ilé ẹjọ́ lè ní kí wọ́n san owó ìtanràn ₦500,000. Ìyá tàbí bàbá yín tí kò mọ̀wé kọ pàápàá lè lọ sí káńsù lọ béèrè lẹ́nu. Òfin náà ní òṣìṣẹ́ tó gba ìbéèrè rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bá a kọ ọ́ sílẹ̀.