Kí a tó yọ owó táyà nínú owó oṣù awakọ̀

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí táyà iwájú tírélà bá jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohun tí àwọn ọ̀gá kan máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé awakọ̀ ló fi ìwàkuwà bà á jẹ́. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti táyà náà.

Bí etí méjèèjì bá jẹ tí àárín ṣì ga, afẹ́fẹ́ kò tó. Bí àárín nìkan bá jẹ, afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Bí etí kan ṣoṣo bá jẹ, tàbí tí ẹ fi ọwọ́ pa ojú táyà lọ tí ó dán, tí ẹ pa á bọ̀ tí ó họ yín bí ayùn, aláímẹ́ǹtì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá jẹ ní kòtò-kòtò, ẹ wo ṣọ́ọ̀kì, bíárìn àti bálánsì.

Afẹ́fẹ́ ni awakọ̀ lè yẹ̀ wò kí ó tó kúrò ní Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó. Iṣẹ́ wọ́ṣọ́ọ̀pù ni ìyókù. Bí a kò bá tún aláímẹ́ǹtì ṣe, táyà tuntun yóò jẹ bákan náà.

Abala 5 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà kò gbà kí agbanisíṣẹ́ kàn yọ owó ohun tó bàjẹ́ nínú owó oṣù. Àfi bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ tàbí tí kò bìkítà, tí aláṣẹ ìjọba lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé.

Nítorí náà, ẹ máa yẹ táyà wò láràárọ̀, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan lọ́wọ́. Táyà iwájú ló ń darí ọkọ̀. Bí ó bá bẹ́ lórí eré, ẹ̀mí ló wà nínú ewu.