Ẹ Jẹ́ Ká Gba Ẹyẹ Lọ́wọ́ Gíláàsì

Ẹ̀yin ará Òtò, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó ní Akọka àti ti Yabatech, ẹ̀yin olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ gbogbo, ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni mo gbé wá. Ẹyẹ tó ń forí sọ gíláàsì fèrèsé, tó ń kú sí ìdí ògiri, ikú rẹ̀ kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Àwa la gbé gíláàsì síbẹ̀, àwa náà la lè dá a dúró, kò sì ní ná wa lówó gọbọi.

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, ṣùgbọ́n ẹyẹ ò mọ gíláàsì. Bí igi bá wà níwájú fèrèsé tó ń dán bíi díńgí, igi náà ló ń rí nínú rẹ̀. Á rò pé ẹ̀ka mìíràn ló wà níwájú òun, á sì fi gbogbo agbára fò lọ bà lé e. Òmíràn á kú lójú ẹsẹ̀. Òmíràn á jókòó gọ̀ọ̀ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, á tún gbéra fò lọ, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà nínú orí rẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀.

Ẹ lọ wo irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kí ẹni tó ń nù ún tó dé. Ẹ lè rí ojú ibi tí ẹyẹ ti gbá a: ìyẹ́ wínníwínní kan tó lẹ̀ mọ́ ọn, àti lẹ́búlẹ́bú funfun tó ya apá méjèèjì sára gíláàsì bó ṣe nà wọ́n. Agbálẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rí òkú rẹ̀, á gbá a mọ́ ewé, ó tán. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi rò pé irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀.

Etí ọ̀sà ni Akọka wà, igi sì pọ̀ nínú ọgbà náà. Ibẹ̀ ni àdàbà àti ẹ̀gà ń sá sí bí a ṣe ń kọ́lé kún gbogbo Mainland. Tó bá sì di oṣù Kẹwàá, àwọn ẹyẹ tó ń sá fún òtútù Yúróòpù, alápàńdẹ̀dẹ̀ wà lára wọn, á la Sàhárà kọjá wá sọ́dọ̀ wa. Kí ẹyẹ la aṣálẹ̀ já, kó wá kú sára fèrèsé ọ́fíìsì? Ó dùn mí.

Ní oṣù Kẹwàá 2023, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 ẹyẹ tó kú lóru ọjọ́ kan ṣoṣo lára gíláàsì McCormick Place, gbọ̀ngàn ìpàdé ńlá kan ní Chicago, Amẹ́ríkà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n lẹ àmì tóótòòtó mọ́ gíláàsì náà, ikú ẹyẹ ibẹ̀ sì lọ sílẹ̀ gan-an. Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà níbẹ̀ náà ti ṣe irú rẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní 2015, lẹ́yìn tí wọ́n ti ka òkú ẹyẹ nídìí àwọn ilé wọn.

Ìta gíláàsì ni kí àmì wà, kó kárí gbogbo ojú rẹ̀, kí àlàfo àárín wọn má ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Sítíkà àṣá kan ṣoṣo kò ràn án. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹyẹ máa gbà. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí gbogbo wa ní nílé gan-an jẹ́ oògùn ọ̀ràn yìí, bó bá ti wà níta. Ẹ̀yin tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbé nẹ́ẹ̀tì síwájú gíláàsì. Ẹ̀yin tó ń bójú tó ilé kíkọ́ nílé ẹ̀kọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ kí ẹ tó gbéṣẹ́ fún kọngilá, torí owó àtúnṣe ló máa ń pọ̀ jù.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà Yabatech, ibi tí Yusuf Grillo ti jẹ́ olórí ẹ̀ka yín rí lẹ ti ń kọ́ṣẹ́, ọkùnrin tó fi gíláàsì aláràbarà ṣe fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́ṣọ̀ọ́. Ta ló tún yẹ kó ya àwòrán sára fèrèsé ju yín lọ? Ẹ gba àṣẹ, ẹ gbé ọ̀dà, ẹ ya á kó kún dẹ́dẹ́.

Ẹni tó bá rí ẹyẹ tó dákú, kó rọra gbé e sínú páálí tó ní ihò, kó pa á dé síbi tó dákẹ́. Ẹ má fún un lóúnjẹ, ẹ má fún un lómi. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan, ẹ ṣí i níta. Bó bá ti kú, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ilé náà sílẹ̀, kí ẹ gbé e lọ fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ní Akọka, ká lè mọ fèrèsé tó ń pa ẹyẹ jù.

Sátidé kejì oṣù Kẹwàá wà lára ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹyẹ arìnrìn-àjò lágbàáyé. Kó tó dé, kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ti fi àmì sára gíláàsì ilé kan, ó kéré tán. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara gíláàsì tó kọjú sí igi.